Bébà tó pọ́n kò mọ májèlé

Ìbéèrè: Mo ra oko kan lẹ́yìn Kétu, wọ́n ti gbin òwú síbẹ̀ rí. Ọkùnrin kan fi omi po erùpẹ̀ rẹ̀, ó ti bébà àyẹ̀wò kan bọ̀ ọ́, bébà náà pọ́n. Ó ní májèlé òwú ló kún ibẹ̀, pé òun ní oògùn tó máa fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti gba ohun tí bébà sọ gbọ́, ẹ wá ń bi mí léèrè oògùn. Bébà yẹn gan-an ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kíkan ló ń wò, kò mọ májèlé. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi mímu, kí ẹ ti irú bébà kan náà bọ̀ ọ́: yóò pọ́n ju ti oko yín lọ. A sì ń mu omi ọsàn! Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa ló kan fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fín nǹkan kan sí i. Ó ń dùn mí, torí owó irúgbìn làwọn àgbẹ̀ ń ná sórí irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Endosulfan, apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú ní orílẹ̀-èdè Benin nígbà kan, tí àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn májèlé tó ń pẹ́ nílẹ̀, sì kà mọ́ èyí tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní 2011, kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Ara erùpẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Kí ni ẹnì kan fẹ́ dà sílẹ̀ tí yóò fọ̀ ọ́? Bó bá tiẹ̀ kúrò níbẹ̀, kànga yín ńkọ́? Bó bá sì ń jẹrà, ó máa ń di endosulfan sulfate. Májèlé lòun náà, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ.

Lábò, ilé àyẹ̀wò, ló lè rí i. Wọn á fi kẹ́míkà olómi fà á jáde kúrò nínú erùpẹ̀, ẹ̀rọ á ya èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, á sì wọ̀n ọ́n. Ohun tí à ń wá lè má tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Ẹ bu erùpẹ̀ ní ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún káàkiri oko, kó jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ pò ó pọ̀ nínú korobá, ẹ bu bíi kílò kan sínú ìgò, kí oòrùn má pa á. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ korobá tí ẹ fi po oògùn rí.

N ò rí oko yín, n ò lè sọ pé ó mọ́. Èsì lábò pàápàá, ti ilẹ̀ ló máa sọ, kì í ṣe ti àgbàdo tó hù lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ bi ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín ní orúkọ gbogbo oògùn tó fín, àti ọdún tó fín wọn kẹ́yìn. Bó bá lo apakoríko bíi glyphosate, ẹ sọ fún lábò: ọ̀nà tí a fi ń wá endosulfan kò lè fi í hàn, àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.