Ohun tí ẹ lè ṣe kí ó tó kàn yín lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn ọ̀fẹ́

Ẹ bèèrè ohun tí ẹ lè ṣe, nígbà tí ẹ jẹ gbèsè owó ilé, tí wọ́n kọ̀wé sí yín lórí Universal Credit (owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tàbí tí kò níṣẹ́), tí àwọn olùdámọ̀ràn ọ̀fẹ́ sì ní kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi náà ti la irú rẹ̀ kọjá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọjọ́ tí wọ́n dá sínú lẹ́tà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé wọn kò bìkítà, èrò ló pọ̀ jù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni ìjọba kò ti fowó gba lọ́yà fún aláìní mọ́ lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀ràn owó ìrànwọ́ àti gbèsè, ẹrù náà sì wá já lé àwọn àjọ olùdámọ̀ràn ọ̀fẹ́ bíi Citizens Advice lórí, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Universal Credit ń dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Àárín ìdúró yẹn ni gbèsè ilé tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá pè wọ́n, ọjọ́ tó sún mọ́ jù lọ nínú àwọn lẹ́tà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó gbé ipè mi fi sùúrù gbọ́ gbogbo ìnira mi, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ka ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ fún un ló dá mi dúró, tó ní kí n tún un kà, tó sì wá àyè fún mi lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Bí ẹ kò bá fara mọ́ ìpinnu Universal Credit, oṣù kan ni ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ lè kọ ìyẹn fúnra yín sórí àkáǹtì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Gbólóhùn díẹ̀ tó, ẹ̀rí lè tẹ̀ lé e.

Ní ti gbèsè, ẹni tó ń pè yín lemọ́lemọ́ kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ san fún. Owó ilé, council tax (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà), iná àti gáàsì ló ṣáájú, nítorí àìsan wọn lè gba ilé tàbí iná lọ́wọ́ ẹni, tàbí kó gbé ẹni dé ilé ẹjọ́. Ẹ tún bèèrè Breathing Space lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn gbèsè, irú bíi StepChange, tí ẹ lè bá lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ 60 ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ jẹ lówó kò fi ní lè dà yín láàmú tàbí fi èlé kún un, bí ẹ bá ṣáà ń san owó ilé tuntun bí àkókò rẹ̀ bá ṣe ń tó.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má kó jáde nítorí lẹ́tà onílé nìkan. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ayálégbé, àfi kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí onílé tó lè lé wọn jáde. Bí ó bá sì jọ pé ẹ lè di aláìnílé láàárín ọjọ́ 56, ẹ lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ yín, torí òfin ti gbé ojúṣe ìrànwọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ kọ ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síbí láìdárúkọ ara yín, kí a lè bá yín wo èyí tó yẹ kó ṣáájú.