Èsì: Kí la máa kọ láti fi orúkọ olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa sílẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ?
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ má fi “ó ṣiṣẹ́ takuntakun” bẹ̀rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Oko ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ gbájú mọ́: báwo ni ilẹ̀ náà ṣe tó nígbà tí olùkọ́ yín dé, báwo ló ṣe tó báyìí, irúgbìn àti ẹran ọ̀sìn wo ni olùkọ́ náà fi kún un? Ẹ so ojú ìwé kan mọ́ lẹ́tà yín látinú ìwé ìnáwó oko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn kọ. Ẹ wá ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ méjì: ẹnì kan tó ń dáko, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò kan oko rárá (tìkejì yìí ló wúwo jù lójú tèmi). Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi ọdún tẹ́ ẹ kọ pé olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wé èyí tó wà nínú fáìlì rẹ̀.