Okùn Kan Náà: Kí Ló Dé Tí Òṣùwọ̀n Kò Bá Kọ̀ǹpútà Sọ̀rọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọkà ni mo ń tà ní ọjà Dawanau, ní Kánò. Okùn tí a fi ń so módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi so òṣùwọ̀n tuntun tí mo rà, kí iye kílò àpò kọ̀ọ̀kan lè máa wọlé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ọlọ́kà, Kánò.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ẹ̀rọ tó dára nù nítorí wáyà méjì péré.

Ìlànà RS-232, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960, ni irú okùn yín ń tẹ̀ lé. Ó pín ẹ̀rọ sí oríṣi méjì: èyí tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó ń parí sí, bíi kọ̀ǹpútà, àti alárinà tí ń gbé ọ̀rọ̀ náà sórí wáyà, bíi módẹ́ẹ̀mù. Lẹ́nu okùn eléyín 9, eyín 3 ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀, 2 ló fi ń gbọ́. Módẹ́ẹ̀mù ń fi 3 gbọ́, ó sì ń fi 2 sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí okùn tó lọ tààrà fi bá wọn mu. Iṣẹ́ alárinà yìí kò kéré, nítorí wáyà tẹlifóònù, tí a ṣe fún ohùn ènìyàn, kì í gbé ju ìró tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ wà láàrin nǹkan bíi 300 sí 3400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àfi kí módẹ́ẹ̀mù sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ìró, kí èkejì rẹ̀ lápá ọ̀hún sì dá a padà.

Bí wọ́n bá ṣe òṣùwọ̀n yín bíi kọ̀ǹpútà, wáyà kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa sọ̀rọ̀ sí, tí wọn yóò sì máa tẹ́tí sí èkejì tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ pe oníná tó ní mítà tí a fi ń wọn agbára iná. Kí ó tú okùn kúrò, kí ó tan òṣùwọ̀n, kí ó yí mítà sí DC, kí ó fi ẹsẹ̀ dúdú mítà náà kan eyín 5 lára òṣùwọ̀n, kí ó sì fi pupa kan 3, lẹ́yìn náà 2. A sábà máa ń kọ nọ́ńbà wọn wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Èyí tí àmì ìyọkúrò bá ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, láàrin volt 3 sí 15, ni òṣùwọ̀n fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ 3, okùn tí wọ́n pààrọ̀ 2 àti 3 nínú rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ 2, okùn yín dára. Ẹ wò ó bóyá ìwọ̀n eré kan náà tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ, bíi 9600, ni wọ́n tò sínú ẹ̀rọ méjèèjì. Bí eyín 2 àti 3 kò bá ní iná kankan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òótọ́ ni ẹni tó tà á sọ, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.