Arère tí kì í sábà so: ṣé họ́mónù lè mú un pọ̀ sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Igi arère kan wà lóko bàbá mi lẹ́bàá Òrè, ó ga, ó sì tọ́ gbọọrọ. Mo fẹ́ gbin irú rẹ̀ sí éékà méjì, àmọ́ ọdún kẹta rèé tí mi ò rí èso ṣà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan ní kí n mú owó wá, pé lábù máa fi họ́mónù sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún, wọ́n á sì yára dàgbà ju ti inú igbó lọ. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Ti pé ó lè di púpọ̀, ó ṣeé ṣe. Ti pé á yára dàgbà, irọ́ ni. Họ́mónù kì í ṣe ajílẹ̀: ó ń mú ọ̀mùnú tàbí gbòǹgbò jáde ni. Bí igi ṣe máa yára tó, ìran rẹ̀, ilẹ̀ àti oòrùn ló mọ̀ ọ́n.

Ti èso yẹn, bí arère ṣe rí nìyẹn. Ó lè fo ọdún mélòó kan kó tó so dáadáa, kòkòrò ń lu èso rẹ̀ lórí igi, èyí tó bá sì bọ́ sílẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ìdí rèé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀mùnú rẹ̀ gbìn ní FRIN, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa igbó, n'Íbàdàn, láwọn ọdún 1970. IBA ni họ́mónù tí wọ́n lò. Máíkírógíráàmù 40 péré lórí ọ̀mùnú kan, ó kéré gan-an.

Nínú ìgò lábù, họ́mónù tó ń jẹ́ cytokinin ló ń mú ọ̀mùnú pọ̀, auxin (ọ̀kan lára wọn ni IBA) ló ń ta gbòǹgbò. Iná tí kì í lọ àti ìmọ́tótó tó le ló ń béèrè, ewé tó bá sì tinú ìgò jáde máa ń rọ kíá tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá kàn án. Éékà méjì ò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ wá lábù.

Ẹ lè ṣe é fúnra yín lóko. Ẹ kan àpótí pákó tẹ́ ẹ máa gbin ọ̀mùnú sí, ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ da iyanrìn odò lé e. Ẹ bu omi sí i, àmọ́ omi ò gbọdọ̀ kọjá òkúta. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó lábẹ́ ìbòòji. Mo ṣí tèmi lọ́sàn-án gangan nígbà kan kí àlejò lè wò ó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ewé ti rọ.

Ẹ̀ka orí igi àgbà kì í fẹ́ ta gbòǹgbò mọ́, họ́mónù kankan ò sì lè rọ̀ ọ́. Ara kùkùté tàbí ọmọ arère tẹ́ ẹ bẹ́ lórí ni kẹ́ ẹ ti gé ọ̀mùnú. Ẹ má já ewé rẹ̀ tán, àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyẹn: ewé ló ń se oúnjẹ tí gbòǹgbò ń jẹ. Ẹ gé e kù bí àtẹ́lẹwọ́ láìka ìka mọ́ ọn. Tó bá tóbi jù, omi ara rẹ̀ á tán. Ẹ fi ìdí rẹ̀ kan ìyẹ̀fun IBA, kẹ́ ẹ gbọn èyí tó bá pọ̀ dànù, torí àpọ̀jù ń mú kí ìdí dúdú, kó sì rà. Ẹ retí gbòǹgbò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ má fi ti igi kan ṣoṣo kún éékà méjèèjì o. Bí kòkòrò bá mọ ọ̀nà ọ̀kan, ó ti mọ ti gbogbo wọn. Ẹ wá ọ̀mùnú lára igi bíi mẹ́wàá. Tí oníṣòwò yẹn bá sì padà wá, ẹ bi í pé igi wo ló ti gé tirẹ̀, kó mú yín lọ wò ó.