Sáfà Dell, sáfà HP, ojú kan la fẹ́ fi wò wọ́n: ìbéèrè yín láti Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ìbéèrè láti Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìwé aládàáni kan. Sáfà mẹ́ta la ní, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba fáìlì àti iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, Dell kan, HP méjì. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí mo ń gbà wọ Dell, ọ̀tọ̀ ni ti HP. Tí NEPA bá mú iná lóru tí wọ́n sì dá a padà, HP méjèèjì á tan fúnra wọn, Dell á dákẹ́ títí n ó fi débẹ̀ láàárọ̀. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè máa wo gbogbo wọn pa pọ̀ láì ra sọ́fítíwíà olówó gọbọi?

Èsì: Ó wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Redfish ni wọ́n ń pè é, èdè àjọsọ kan tí a fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. DMTF, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, ló gbé e jáde lọ́dún 2015. Ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kálukú ló ní bó ṣe ń pe nǹkan nílé baba rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá pàdé lọ́jà, Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni wọ́n á fi nájà. Irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ ni Redfish jẹ́ fún sáfà.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù sáfà kọ̀ọ̀kan tó dá dúró lọ́tọ̀. BMC lorúkọ rẹ̀. Dell ń pe tiwọn ní iDRAC, HP ń pè é ní iLO. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ti ń gbé iná wọnú sáfà, BMC ò sùn, kódà kí sáfà fúnra rẹ̀ wà ní pípa. Ẹ wo ẹ̀yìn sáfà: ihò nẹ́tíwọ̀kì kan máa ń wà tó dá yàtọ̀, tí wọ́n kọ iDRAC tàbí iLO sí, tàbí tí wọ́n ya àmì sípánà sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ki kébù bọ̀. Ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kò ní máa yí padà, ká ní 192.168.10.21, kí ẹ wá ṣí búráúsà, kí ẹ tẹ èyí:

https://192.168.10.21/redfish/v1/

Ojú ewé yìí kì í béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Tó bá ti jáde, BMC yín gbọ́ Redfish nìyẹn. Ẹ ó rí Systems níbẹ̀, ìyẹn sáfà gan-an; Chassis, ìyẹn àpótí rẹ̀ pẹ̀lú fáànù, ooru àti páwà; àti Managers, tí í ṣe BMC fúnra rẹ̀. Láti ibí lọ, ó di dandan kí ẹ fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Ẹ lo curl, àṣẹ tí a ń tẹ sójú tẹ́mínà láti ka ojú ewé:

curl -k -u admin https://192.168.10.21/redfish/v1/Systems

Ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò admin. "-k" yẹn ń sọ pé kí curl má yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà wò. Fún ìdánwò nìkan ni o.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ nìyí. Dell ń pe sáfà rẹ̀ ní System.Embedded.1, HP ń pè é ní 1. Ẹni tó kọ script (àkójọ àṣẹ) fún Dell tó gbé e lé HP, 404, ìyẹn "ojú ewé yìí ò sí", ló máa bá pàdé, á sì ní irọ́ ni Redfish ń pa. Redfish ò fìgbà kan sọ orúkọ tí sáfà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ohun tó ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ ka Systems ná, kí ẹ mú àdírẹ́ẹ̀sì tó wà níwájú "@odata.id", kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Script tó bá ń tẹ̀ lé ọ̀nà báyìí á ṣiṣẹ́ fún sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohunkóhun tó bá sì wà lábẹ́ "Oem", ti ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ni. Ẹ má gbára lé e.

Lábẹ́ Chassis, ẹ wá Thermal. Ẹ ó bá ìlà bíi "ReadingCelsius": 31 pàdé, ọ̀kan fún atẹ́gùn tó ń wọlé láti iwájú, tí wọ́n sábà ń kọ Inlet mọ́, àwọn yòókù fún CPU àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inlet ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí Inlet bá gòkè, yàrá ló gbóná, ẹ lọ wo AC. Bí Inlet bá wà níbi tó wà, tí iṣẹ́ sáfà ò pọ̀ sí i, síbẹ̀ tí eré fáànù ń pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eruku ti dí i nínú. Nígbà ọyẹ́ lẹ ó rí èyí jù.

Ó wá ku Dell tó ń dákẹ́. Redfish ní ìlà kan tó ń jẹ́ PowerRestorePolicy, ó sì lè jẹ́ AlwaysOn, AlwaysOff tàbí LastState. Kì í ṣe gbogbo sáfà ló ń gbé ìlà yìí jáde, ibẹ̀ la sì ti mọ̀ pé àjọsọ ò tíì parí láàárín wọn. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ wọ BIOS, ojú ètò tí sáfà ń gbé jáde nígbà tó bá ń tan: lórí Dell, ó wà ní System Security, wọ́n pè é ní AC Power Recovery, lórí HP, Automatic Power-On ni. A fura pé "Last" ló wà lórí Dell yín. "Last" túmọ̀ sí pé kí sáfà padà sí ipò tí iná bá a. Bí sọ́fítíwíà UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé sáfà dúró tí iná bá lọ) bá ti rọra pa sáfà kí bátìrì tó tán, pípa ni ipò tí iná bá a, pípa náà ló sì máa wà tí NEPA bá dé. Ẹ yí i sí "On".

Ẹ má jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tan lẹ́ẹ̀kan náà o. Ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n ń tan ni wọ́n ń fa iná jù, ínfátà lè já. Dell ní AC Power Recovery Delay, HP ní Power-On Delay. Ẹ jẹ́ kí sáfà tí fáìlì wà lórí rẹ̀ ṣáájú, kí àwọn tó kù tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè láti Iléṣà: Mo ra Dell R720 tòkunbọ̀ kan. Wọ́n ní ó ní iDRAC7, àmọ́ 404 ni /redfish/v1/ ń mú wá. Mi ò sì mọ pásíwọ́ọ̀dù tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ fi sí i. Kí ni ṣíṣe?

Èsì: Firmware rẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tó wà nínú BMC, ti gbó ni. iDRAC7 àti iDRAC8 ò gbọ́ Redfish àyàfi láti 2.30.30.30 lọ sókè. Ní ti iLO 4 HP, láti 2.30 ni. Ẹ gbé firmware náà gòkè ní ìpele ìpele, ẹ má fò láti èyí tó gbó jù bọ́ sórí tuntun jù lọ. Orí UPS tó kún ni kí ẹ ti ṣe é. Bí iná bá lọ láàárín kan, BMC lè kú pátápátá.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú orúkọ root pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù calvin, èyí tí Dell ń fi sí iDRAC àtijọ́ láti ilé iṣẹ́. Tó bá kọ̀, ẹ fi Linux tó wà lórí fíláàṣì tan sáfà, kí ẹ di root (ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ), kí ẹ tẹ:

modprobe ipmi_si
modprobe ipmi_devintf
ipmitool user list 1
ipmitool user set password 2

Àṣẹ kẹta á fi nọ́ńbà oníkálukú hàn yín. Lórí Dell, nọ́ńbà 2 ni root sábà máa ń jẹ́. Kò ní béèrè pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ́wọ́ yín, nítorí láti inú sáfà lẹ ti ń bá BMC sọ̀rọ̀. Ẹ ronú sí i náà: ẹnikẹ́ni tó bá di root lórí sáfà yín lè ṣe ohun kan náà.

IPMI, èdè àtijọ́ tí a fi ń bá BMC sọ̀rọ̀, lẹ fi ṣe iṣẹ́ yẹn, òun ni ẹ̀gbọ́n Redfish. Intel, Dell, HP àti NEC ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1998, ẹ̀dà 2.0 dé lọ́dún 2004. Ó ṣì wúlò fún sáfà tó ti dàgbà, àmọ́ àléébù ńlá kan wà lára ẹ̀dà 2.0 láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó bá mọ orúkọ kan lórí BMC lè béèrè hash pásíwọ́ọ̀dù orúkọ náà (pásíwọ́ọ̀dù tí a ti yí di àmì) kó tó wọlé rárá, BMC á sì gbé e fún un, kó lọ jókòó sílé rẹ̀ máa fọ́ ọ. Kò sí firmware tó lè tún èyí ṣe, nítorí bí wọ́n ṣe kọ òfin rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má gbé UDP 623, ilẹ̀kùn tí IPMI ń gbà, síta sí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé. Tí Redfish bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ pa IPMI over LAN, ìyẹn IPMI tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì.

Ìbéèrè láti Sábó, Ilé-Ifẹ̀: Mo ń fi SNMP, èdè tí a fi ń bi ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì léèrè bó ṣe ń ṣe, ya àwòrán bí dátà ṣe ń gba orí switch wa (àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀). Lọ́sàn-án tí gbogbo ènìyàn ń lò ó, àwòrán máa ń wálẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹnìkan nílé. Ṣé switch ló bàjẹ́ ni?

Èsì: Rárá. ifInOctets, ìyẹn iye dátà tó ti wọlé, lẹ ń kà, òǹkà 32 bit sì ni. Tó bá ti dé 4,294,967,295, á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bíi mítà NEPA àtijọ́. Lórí ojú gígábíìtì kan tó kún, ìṣẹ́jú àáyá 34 péré ló ń gbà kó yí po. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún lẹ ń kà á, ó ti yí po lọ́pọ̀ ìgbà láàárín, òkú nọ́ńbà lẹ wá ń gbà. Ẹ lo ifHCInOctets, òǹkà 64 bit, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi béèrè rẹ̀ nìyí:

1.3.6.1.2.1.31.1.1.1.6

SNMP v1 ò mọ òǹkà gígùn yìí, ẹ lo v2c ó kéré tán. v3 ló dára jù, nítorí v2c ń fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ránṣẹ́ láìbò. Ẹ yọ "public", ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí wọ́n sábà ń fi sí i láti ilé iṣẹ́, kúrò lórí switch náà kílẹ̀ tó ṣú.

Ìbéèrè láti Iléṣà: UPS oríṣi méjì la fẹ́ rà. Kí la máa kọ sínú ìwé ìrajà kí wọ́n má baà ta ohun tí kò bá ti ara wọn mu fún wa?

Èsì: Ẹ kọ ọ́ pé kó ní káàdì nẹ́tíwọ̀kì tó ń dáhùn sí RFC 1628, òfin àjọsọ fún UPS, lórí SNMP v3. "SNMP" nìkan ò tó, nítorí UPS mìíràn ń dáhùn sí MIB (àkójọ ohun tí a lè béèrè) ilé iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, ẹ fi àṣẹ snmpget béèrè 1.3.6.1.2.1.33.1.2.3.0, ìṣẹ́jú tó kù kí bátìrì tán, àti 1.3.6.1.2.1.33.1.2.4.0, ìdá ọgọ́rùn-ún tó kù nínú rẹ̀. Ẹ yọ wáyà UPS lára ògiri, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá wálẹ̀, ẹ san owó tó kù.