Ṣé ó tún yẹ ká wọn ilẹ̀ ilé tó ti ní púláànù tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè: Bàbá, Okun o. Ọmọ Isanlu ni mí, Abuja ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A ti rí ilé kan tá a fẹ́ rà ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi, yàrá mẹ́ta, wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì yí i ká, wọ́n sì fún wa ní ẹ̀dà púláànù ilẹ̀ àtijọ́ kan (ìwé tí wọ́n ya ààlà ilẹ̀ sí), Kwara State ni wọ́n kọ sórí ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kò sídìí tá a fi máa tún pe sọ̀féyọ̀ kó wá wọn ilẹ̀, pé ilé ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó bá àwọn jà rí. Ọkọ mi gan-an ní ká kúkú fi owó yẹn tún òrùlé ṣe. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò pọn dandan?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, Okun o, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ pe sọ̀féyọ̀. Ẹ pè é kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì fi owó ara yín pè é, kó má jẹ́ èyí tí ẹni tó ń tà á máa mú wá, torí ẹni tó sanwó fún sọ̀féyọ̀ ni sọ̀féyọ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Fẹ́ǹsì yẹn ló ń fi yín lọ́kàn balẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ló mọ fẹ́ǹsì, bíríkìlà kì í sì wo púláànù, ibi tí wọ́n bá na okùn sí ló máa to búlọ́ọ̀kù sí. Ẹ sì mọ bá a ṣe ń ta ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bàbá ìdílé á mú yín dé ibẹ̀, á ní láti ìdí pèrègún yìí dé ìdí kajú tọ̀hún, wọ́n á fi okùn wọ̀n ọ́n tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ín, wọ́n á wá pè é ní 50 by 100. 50 by 100 gidi, ẹsẹ̀ bàtà ni, ó fi díẹ̀ lé ní mítà 15 sí 30, gbogbo ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 465 tá a bá sọ ọ́ di mítà onígun mẹ́rin. Mo ti wọn plọ́ọ̀tì tí kò tó 400 rí, mo sì ti wọn èyí tó lé. Èyí tó lé yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ilẹ̀ tó lé yẹn, ilẹ̀ ẹnì kan ni, onítọ̀hún kàn lè má tíì mọ̀ ni. Pé kò sẹ́ni tó bá wọn jà rí kò ní ìtumọ̀ kankan, ọmọ wa mélòó ló wà nílé? Jos, Èkó, Kaduna ni wọ́n wà, ọjọ́ tí wọ́n bá wálé sìnkú ni wọ́n ń rántí ilẹ̀ bàbá wọn.

Ọkùnrin kan ra ilé lápá Mopa, ó ti kun ún, ó ti kó wọlé, ó wá pè mí torí ó fẹ́ gba C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Nígbà tá a wọ̀n ọ́n tán, sókàwéè àti ìdajì kíṣìnì wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíì. Ó tún ilẹ̀ tó rò pé òun ti rà rà ni o, iye tí onílẹ̀ pè ló san, ẹni tó ta ilé fún un ti náwó tiẹ̀ tán. Ká ní ó pè mí ṣáájú ni, ẹni tó ń tà á ló máa lọ bá aládùúgbò ẹ̀ yanjú ẹ̀.

Ó ku ti púláànù. Pé wọ́n kọ Kwara sí i kò sọ ọ́ di ayédèrú, 27 August 1991 ni Kogi di ìpínlẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n bá wọ̀n ṣáájú ìgbà yẹn, Kwara náà ló yẹ kó wà lórí ẹ̀. Ẹ wo déètì ẹ̀. Tó bá sọ Kwara tí déètì wá jẹ́ 1995, tàbí tó sọ Kogi tí déètì wá jẹ́ 1988, ẹ dìde ńbẹ̀. Ẹ wo orúkọ sọ̀féyọ̀ àti sáìnì ẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà bíkìn (òpó sìmẹ́ǹtì kékeré tó ní nọ́ńbà lórí, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀) ní igun kọ̀ọ̀kan, àti bí ìlà kan ṣe gùn tó láti bíkìn sí bíkìn. Sọ̀féyọ̀ yín máa wá gbé bébà yẹn lọ sórí ilẹ̀, á wá àwọn bíkìn náà kàn, iyẹ̀pẹ̀ ti sábà máa ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ nítorí náà ó lè ní láti gbẹ́ ilẹ̀. Tó bá rí méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ò tíì sún, ó lè ṣírò èyí tó kù. Bí nọ́ńbà orí bíkìn ò bá bá ti bébà mu, ó ṣeé ṣe kí bébà yẹn má ṣe jẹ́ ti ilẹ̀ yẹn. Púláànù tí ẹ ò tíì rí bíkìn ẹ̀, àwòrán lásán ló ṣì jẹ́ o.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù wọ̀n ọ́n fún yín. Yàtọ̀ sí pé fóònù lè ṣì mítà mélòó kan, ọ̀nà tí fóònù ń gbà ka ibi tí nǹkan wà yàtọ̀ sí Minna datum, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí púláànù àtijọ́ wa ń lò, ìyàtọ̀ yẹn nìkan lè sún ilé yín kọjá plọ́ọ̀tì bíi mélòó kan. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ Okun wa yìí gan-an: ìlà longitude 6 gba àárín wa kọjá, ó sì pín wa sí zone méjì, ìyẹn apá tí wọ́n pín máápù sí, tí kálukú ní nọ́ńbà ìwọ̀n tiẹ̀. Egbe àti Isanlu wà lápá ìwọ̀ oòrùn ẹ̀, zone 31 ni wọ́n, Kabba wà lápá ìlà oòrùn, zone 32. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ tó fi zone 31 sí nọ́ńbà ilẹ̀ Kabba, orí máápù ilẹ̀ yẹn á lọ bọ́ sí Gánà. Ẹ rò ó wò, tí wọ́n bá wá gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lọ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, ó dájú pé wọ́n máa ní kò sí wàhálà. Torí náà ẹ bi sọ̀féyọ̀ yín léèrè zone tó lò, kò ní bínú tó bá mọṣẹ́.

Àyẹ̀wò ti ìjọba yẹn, ọ́fíìsì Surveyor General ní Lokoja ló ti máa ṣe é. Tó bá jẹ́ ẹ̀bá títì ìjọba àpapọ̀ ni ilé náà wà, kó wọ̀n ọ́n láti àárín títì, mítà 45.72 lápá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti títì, ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń rí ló ti wọ inú ẹ̀.

Kí sọ̀féyọ̀ náà jẹ́ èyí tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn sọ̀féyọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ ní kó ya àwòrán tuntun tó máa fi ilé, fẹ́ǹsì, kànga àti sókàwéè hàn sórí ìlà ààlà, kì í ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan. Lọ́jọ́ tó bá máa wọ̀n ọ́n, kí ẹnì kan láti ilé yín wà níbẹ̀, kí ẹ sì ti lọ kí àwọn aládùúgbò ṣáájú, ẹ má kàn ki ọ̀pá bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àgbàlagbà láìkí i. Ẹ bi wọ́n ní ibi tí ààlà wọn dé, wọ́n á sọ ohun tí ẹni tó ń tà á ò ní sọ.

Púláànù kì í sọ ẹni tó nilẹ̀ o, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, kó bá yín wo bóyá olórí ìdílé àtàwọn àgbà ìdílé sáìnì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tà á.

Tí fẹ́ǹsì bá ti kọjá ààlà, kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ yanjú ẹ̀ tàbí kó wó o padà, kí ẹ tó sanwó. Tó bá sì kọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n rárá, ẹ má rà á, ilé ò tán ní Kabba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín pé kó fi ti òrùlé sílẹ̀ ná. Ẹ ya fọ́tò púláànù yẹn kí nọ́ńbà bíkìn àti déètì hàn dáadáa, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá wò ó kí ẹ tó wálé.