Èsì: Àṣẹ ọ̀gágun láti Ifẹ̀ kò lè tètè dé Mars

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ikọ̀ ọmọ ogun àkànṣe inú ìtàn tí ẹ ń kọ, tó ń jagun ní pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ń ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀, torí ọ̀gágun tó jókòó sí Ilé-Ifẹ̀ ló ń darí wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ yọ ìtàkùrọ̀sọ àárín ọ̀gágun àti ikọ̀ yẹn kúrò. Bí Mars bá tilẹ̀ sún mọ́ wa, ọ̀rọ̀ orí rédíò á gbà tó ìṣẹ́jú 3 kó tó dé ibẹ̀. Bó bá jìnnà, ó lè tó 22. Èsì náà á tún rin ìrìn yẹn padà. Kí ọ̀gá tó gbọ́ pé ọ̀tá dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Olórí ikọ̀ ló máa dá ìpinnu ṣe. Ibẹ̀ ni àkànṣe wọn wà, kì í ṣe ìbọn ńláńlá tí ẹ fi ojú ewé méjì ṣàpèjúwe. Ẹ jẹ́ kí àṣẹ "Ẹ má tíì jà o!" wọlé nígbà tí wọ́n ti jà tán, tí ọmọ Iléṣà inú wọn ń nu eruku pupa kúrò lára àṣíborí rẹ̀.

Ìyẹn bí kò bá sí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ nínú ìtàn yín o. Tó bá jẹ́ orí òṣùpá ni, ìṣẹ́jú-àáyá kan lé díẹ̀ péré ni. Wọ́n lè máa jiyàn lọ.

Ọ́fíìsì ọ̀gágun tí ẹ gbé sí ọgbà OAU, nítòsí ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú, dáa gan-an. Ẹ má fọwọ́ kàn án.